Oògùn ni àbí iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó ń wá ọmọ?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní endometriosis (àìsàn tí ohun tó jọ awọ inú ilé-ọmọ ń hù síta ilé-ọmọ) ń da àbúrò yín láàmú ní London, ó sì ń wá ọmọ. Kí ló dé tí wọn ò fún un ní oògùn họ́mónù tí kò wọ́n?

Oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹyin jáde. Ó ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n kò lè fún un lóyún. Ìdí nìyẹn tí ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà níbẹ̀, fi ní kí wọ́n má fún ẹni tó ń wá ọmọ. Bí kò bá tíì fẹ́ bímọ báyìí, ó lè lò ó.

Iṣẹ́ abẹ oníhò kéékèèké (laparoscopy) ló lè ràn án lọ́wọ́, pàápàá bí àìsàn náà ò bá tíì dé ìfun tàbí àpò ìtọ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ló ń san án, owó kékeré sì kọ́. Kí wọ́n máa tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe ló ń bà mí lẹ́rù jù: bí wọ́n bá ń gé ilé-ẹyin léraléra, ẹyin á máa dín kù, ọ̀rọ̀ á wá di IVF (kí wọ́n so ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara), ìnáwó mìíràn nìyẹn.

Kó tó gbà:

1. Kó béèrè dókítà tó mọ endometriosis dunjú.
2. Kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AMH, tó ń fi bí ẹyin tó kù ṣe pọ̀ tó hàn.
3. Kó béèrè iye ìgbà tí NHS àdúgbò rẹ̀ ń san owó IVF. NICE ní 3 fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ àdúgbò kì í san tó bẹ́ẹ̀.