Èsì: Ìtànṣán wo ló yẹ ojú màmá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ bèèrè èwo ló dára nínú ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) oríṣi méjì tí dókítà dárúkọ fún ojú wọn tí gẹ̀gẹ̀ mú yọ síta.

Ti àtijọ́, láti ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ti ń ta á sí ẹ̀yìn ẹyinjú. Wọ́n á dorí ìtànṣán náà sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà kan dígí inú ojú (lens), tó lè di funfun nígbà tó bá yá. Ti òde òní, IMRT tàbí VMAT, ọ̀pọ̀ igun ló ti ń wọlé; kọ̀ǹpútà á dín in níhìn-ín, á fi kún un lọ́hùn-ún. Ó ń dáàbò bo dígí yẹn dáadáa, àmọ́ ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ á kan ibi púpọ̀ sí i nínú orí. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò: 20 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán), ìgbà 10, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá ibi tí màmá á sùn sí n'Íbàdàn o! Tèmi ni pé tí wọ́n bá wọn ìbòjú tí wọ́n fi ń mú orí dúró ṣinṣin dáadáa, ẹ má kọ ti àtijọ́. Ìbòjú náà, ike tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń tẹ́ sójú títí á fi le. Àǹtí mi ní ó dà bíi pé wọ́n pọ́n òun bíi mọ́ínmọ́ín.

Ṣé màmá ní àtọ̀gbẹ? Bó bá ti ba ẹ̀yìn ojú jẹ́, wọn kì í fi ìtànṣán kàn án. Ìtànṣán kò sì ní dá ojú tó yọ padà. Wíwú àti rírí nǹkan ní méjì-méjì ló ń bá jà, nígbà tí àìsàn náà ṣì gbóná.