Apá ibo ni kí mànàmáná Ness gbà? Ohun tí ojú mi rí rèé

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lálẹ́ àná, mi ò sì lè kọjá kí n má dáhùn. O ní Ness lò ń lò nínú Super Smash Bros. Ultimate (Smash Ultimate), géèmù ìjà orí ẹ̀rọ Nintendo Switch, níbẹ̀ yẹn ní Ìbàdàn, pé tí wọ́n bá ti gbá ẹ kúrò lórí sítéèjì, pèpéle tẹ́ ẹ ti ń jà, tó o sì ti wà nísàlẹ̀, o máa ń pe PK Thunder kó gbé ẹ padà sókè, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin lo máa ń jábọ́ kú. O wá ń bèèrè pé apá ibo ló yẹ kí bọ́ọ̀lù mànàmáná yẹn gbà yí ẹ po, ṣé apá sítéèjì ni àbí apá ìta. Màá dá ẹ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ohun tó ń pa ẹ́ lè má jẹ́ apá tó ń gbà rárá.

Fún ẹni tó bá ń kà á tí kò mọ Ness, ọmọkùnrin onífìlà pupa yẹn ni, inú EarthBound ló ti wá, géèmù tó jáde ní Japan lọ́dún 1994. Ó ti wà nínú Smash látorí ti àkọ́kọ́ lọ́dún 1999, kò sì sí Smash kan tí wọn ò fi í sí títí dé orí Ultimate tó jáde lóṣù Kejìlá 2018. Nínú EarthBound gan-an, Ness ò mọ PK Thunder o, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi Paula ló mọ̀ ọ́n, àwọn tó ṣe Smash ló gbé e fún un. Tó o bá ti sítíìkì ara páàdì sókè tó o tẹ B, bọ́ọ̀lù iná kan á yọ lókè orí rẹ̀, ìrù á máa tẹ̀ lé e, ìwọ lo máa fi sítíìkì darí rẹ̀. Tó bá lu ẹlòmíì, ó dáa. Ṣùgbọ́n tó o bá yí i padà tó fi lu Ness fúnra rẹ̀, Ness á ta bí òkúta inú kànnàkànnà, ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn dorí kọ ni òun náà máa dorí kọ. Màmá mi wọlé bá mi níbi tí mo ti ń ṣe é lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró tì mí, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí ló dé tí ọmọ yìí ń pe àrá lu ara ẹ̀. Mo ní màmi, ọ̀nà ilé ẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ sí ìdíje kékeré kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá òkè kan báyìí, tẹlifíṣọ̀n mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, gbogbo ibẹ̀ gbóná. Mo ti fi oṣù mẹ́rin múra fún un. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin tó ń ṣètò ìdíje yẹn ń pariwo pé a ti pẹ́, ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ mi sínú ẹ̀rọ yìí kí n tún bọ́tìnnì mi ṣe, ó ní kò sáyè, pé mo lè fi èyí tó wà níbẹ̀ ta. Torí kí wọ́n má baà sọ pé mo ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo jókòó.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí géèmù yẹn ṣe máa ń wà tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì fọwọ́ kan ètò rẹ̀, tó o bá ti sítíìkì sókè, Ness máa fò. Kì í ṣe bọ́tìnnì nìkan ló ń mú un fò, sítíìkì náà ń mú un fò. Tap jump ni wọ́n ń pè é. Wàá ní kí ló wá burú níbẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé tó o bá wà lófuurufú tó o fẹ́ fi orí kan ẹni tó wà lókè rẹ, sítíìkì sókè pẹ̀lú A ni, ẹ̀rọ á rí sítíìkì yẹn kó tó rí A, á mú ẹ fo fífò kejì rẹ tán láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́, kó tó wá jẹ́ kó o fi orí kàn án. O ò sì ní mọ̀! Lójú rẹ, ó kan dà bíi pé Ness gòkè díẹ̀ ni. Fífò kejì Ness sì ni ìyè rẹ̀, ó ga, ó jìnnà, kò dà bíi ti àwọn tó kù. Tó o bá ti sọ ọ́ nù, kò ní padà àfi tó o bá tẹsẹ̀ balẹ̀ tàbí tó o bá di etí sítéèjì mú. Kí wọ́n wá gbá ẹ jáde lásìkò yẹn, PK Thunder nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò sí àyè láti yí bọ́ọ̀lù po.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tí mo bá ta ń lo Kirby, oníjà míì nínú géèmù yẹn. Ó jẹ géèmù kan, mo jẹ kan, ẹ̀kẹta la wà, ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ló kù sí wa lọ́wọ́. Ọgbẹ́ tèmi wà ní ọgọ́ta lé díẹ̀, tiẹ̀ ti lé ní ọgọ́fà, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe ga sí ni èèyàn ṣe máa ń fò jìnnà sí tí wọ́n bá gbá a. Mo kàn fẹ́ gbá a mú létí sítéèjì kí n jù ú sẹ́yìn ni, torí tí Ness bá ju ẹni tó ti gbọgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn létí, onítọ̀hún ò ní padà wá. Kirby ń bọ̀ látòkè, mo fò, mo ti sítíìkì sókè mo tẹ A kí n fi orí kàn án, ó yẹ̀ ẹ́, ó gbá mi síta. Mo tẹ bọ́tìnnì fífò, Ness ò mira. Mo tún un tẹ̀, kò mira. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ọwọ́ mi ti tutù. Mo wá pe PK Thunder níbi tó ti lọ sílẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀lù jáde, ó lọ sápá ìta, ó ń yí bọ̀, ó yí dáadáa, mi ò ṣe é sódì rárá, ṣùgbọ́n Kirby ní fífò márùn-ún lófuurufú, ó wú bíi fèrè tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù lù ú, ó pòórá. Òun gba ọgbẹ́ kékeré, èmi gba ikú. Torí tí bọ́ọ̀lù yẹn bá ti pòórá tí Ness sì wà lófuurufú, kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, á kàn máa já bọ́ ni títí á fi kú.

Mo lọ bá ọkùnrin yẹn, mo ní bọ́tìnnì yẹn kì í ṣe tèmi, ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó. Kò tiẹ̀ wo ojú mi, ó ní ojúṣe ẹni tó ń ta ni láti yẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò. Ẹni tó ní kò sáyè lẹ́ẹ̀kan! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Torí náà tó o bá lọ síbi ìdíje èyíkéyìí, má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, kọ orúkọ rẹ kó o pa tap jump kó o tó fọwọ́ kan nǹkan míì, jẹ́ kí wọ́n máa pariwo. Ètò bọ́tìnnì rẹ ò lè bá ẹ láti ilé wá sórí ẹ̀rọ tiwọn, ara orúkọ tó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló so mọ́. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, ti sítíìkì sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí Ness bá fò, sọ pé o ò ṣe tán. Ti ilé rẹ ńkọ́? Lọ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, inú ètò bọ́tìnnì ló wà.

Ìbéèrè rẹ wàyí. Apá ìta ni. Tó o bá wà lápá òsì sítéèjì, bọ́ọ̀lù á jáde lókè orí rẹ, darí rẹ̀ sí òsì, sísàlẹ̀, kó wá ti ìsàlẹ̀ lápá òsì lu Ness, á gbé e lọ sókè lápá ọ̀tún. Apá sítéèjì ò ṣeé gbà torí pé tí bọ́ọ̀lù yẹn bá kan ara sítéèjì, ó kú nìyẹn, ìwọ náà sì kú. Tó o bá jìnnà tó o sì ṣì wà lókè, kó kàn ti ẹ̀yìn lù ẹ́ ni, má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ rárá. Inú ibi ìdánrawò lo ti máa kọ́ ọ, dín eré rẹ̀ kù, ṣe é títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bọ́ọ̀lù yẹn kì í yí kíákíá bó o ṣe rò. Tó o bá kàn ti sítíìkì mọ́ apá kan, á fi kọ̀rọ̀ ńlá yí, ìwọ sì ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, kó tó débi tó o fojú sí, o ti kúrò níbẹ̀, á gba ibi ejìká rẹ kọjá. Ibi tí Ness máa wà tó bá dé ni kó o fojú sí, kì í ṣe ibi tó wà báyìí. Ojú mi kì í sí lára bọ́ọ̀lù mọ́, ara Ness ni mo máa ń wò, àtàǹpàkò mi ló mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí ìyẹn tó mọ́ mi lára. Má sì jẹ́ kó o wà lábẹ́ sítéèjì gangan, torí tó o bá ta sókè níbẹ̀, orí rẹ á gbá abẹ́ sítéèjì, wàá sì padà sísàlẹ̀.

Ẹ̀rù yẹ kó máa bà ẹ́ tó bá jẹ́ àwọn oníjà kan pàtó nínú géèmù yìí lò ń bá ta. Rosalina lè fa bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ra kó pòórá láti ibi tó dúró sí, kò tiẹ̀ ní láti bọ́ sílẹ̀ wá bá ẹ. Fox ní ohun tó ń fi dá a padà. Ness ẹgbẹ́ rẹ tàbí Lucas lè gbé e mì, á tún fi wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn. Pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, má pe PK Thunder níwájú wọn tó o bá ṣì ní fífò kejì àti ìyẹra lófuurufú lọ́wọ́, fi méjèèjì di etí sítéèjì mú. Tí kò bá wá sí ọ̀nà míì, pè é nígbà tó o ṣì ga, tó o ṣì jìnnà sí wọn, kó yí po lọ́nà kúkúrú. Èyí tó pẹ́ kó o tó pè ló ń pa èèyàn jù. Má sì fi bọ́ọ̀lù tó fẹ́ gbé ẹ padà lépa ẹnikẹ́ni láé, ojúkòkòrò yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá orí YouTube, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo wo fídíò wọn títí. Wọ́n á máa ka férémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra lójú géèmù, férémù báyìí férémù báyẹn, kò sí ọ̀kan nínú èyí tí mo wò tó sọ pé kí n lọ wo tẹlifíṣọ̀n mi. Tẹlifíṣọ̀n mi ń pẹ́ kó tó gbé àwòrán jáde! Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bá ara mi jà pé ọwọ́ mi ò yá, àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mú rìmóòtù tó tan ètò géèmù tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ness. Yẹ tìẹ wò, tàbí kó o máa ta á lójú Switch fúnra rẹ̀. Bákan náà ni orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, ohun tó o tẹ̀ máa pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, bọ́ọ̀lù á yí nígbà tí kò yẹ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín ṣe rí, má fi ikú orí íntánẹ́ẹ̀tì díwọ̀n ara rẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ tó wà nítòsí ni kó o pè wá sílé.

Páàdì náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àlòkù fún ẹ láìjẹ́ pé o dán sítíìkì rẹ̀ wò. Ẹnì kan gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti tún un ṣe, mo délé, Ness ń rìn lọ sósì fúnra rẹ̀. Sítíìkì tó ń rìn fúnra rẹ̀ ò lè yí bọ́ọ̀lù po láyé.

Lọ wo tap jump yẹn lálẹ́ òní kó o tó ṣe nǹkan míì, kó o sì kọ ọ́ síbí bóyá ó wà ní títàn. Tó bá ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀, sọ irú tẹlifíṣọ̀n tó o fi ń ta á fún mi, àti àwọn tó máa ń gbá ẹ síta jù, ká mọ ibi tá a tún máa wò.