Ìtumọ̀ sankin kōtai, ìrìn àwọn ìjòyè Jàpáànù sí Edo

Ìbéèrè tí ẹ bi wá ni pé, láyé ìgbà tí Jàpáànù ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kí ló mú kí àwọn ìjòyè ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní daimyo, máa kó èrò rẹpẹtẹ rìn lọ sí Edo, àti pé ṣé ọba ni wọ́n ń lọ júbà.

Kì í ṣe ọba. Kyoto ni ọba wà, agbára kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀; Edo, tí í ṣe Tokyo òde òní, ni ìbùjókòó shogun ti ìdílé Tokugawa, ẹni tó ń ṣàkóso ní tòótọ́. Ní 1635 ni shogun Tokugawa Iemitsu sọ sankin kōtai di òfin: kí daimyo máa lo ọdún kan ní Edo, kí ó lo ọdún kejì ní ilẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí aya rẹ̀ àti àrólé rẹ̀ má kúrò ní Edo rárá. Ká má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ìdógò ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tí àwọn oníbodè Hakone, lójú ọ̀nà Tōkaidō, ń ṣọ́ jù lọ fi jẹ́ ìbọn tó ń wọ Edo àti obìnrin tó ń jáde níbẹ̀, nítorí pé daimyo tó bá ń yọ́ aya rẹ̀ kó lọ ti ń gbèrò ọ̀tẹ̀.

Ìnáwó rẹ̀ kò kéré. Ìdílé Maeda, àwọn daimyo ilẹ̀ Kaga, nìkan máa ń kó èrò tó lé ní 2,000 rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé torí kí àwọn ìjòyè lè di aláìní ni a ṣe ṣòfin náà, àmọ́ òfin 1635 fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dín èrò ẹ̀yìn wọn kù, nítorí ìnira tó ń kó bá ará ìlú. Fáàrí àwọn ìjòyè ló sọ ọ́ di ayẹyẹ.

Ọdún 1635 yìí kan náà ni shogun fòfin de ọmọ Jàpáànù láti lọ sókè òkun, tí ẹni tó bá lọ tó sì padà yóò kú. Òfin àwọn ìjòyè tún kà á léèwọ̀ fún wọn láti kan ọkọ̀ tó lè gbé 500 koku ìrẹsì (koku ni òṣùwọ̀n ìrẹsì wọn) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, ìkórìíra ẹ̀sìn Kristi wà níbẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Shimabara ti 1637 sí 1638, tí àwọn Kristẹni pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó mú kí wọ́n lé àwọn Potogí lọ ní 1639. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, daimyo ìwọ̀-oòrùn tó lè fi òwò òkun lówó, kí ó sì fi owó náà ra ìbọn, ni ilẹ̀kùn yẹn dojú kọ. Àwọn ará Nẹ́dálándì tí a gbà láàyè, tí a sì sé mọ́ Dejima, erékùṣù kékeré kan ní Nagasaki, láti 1641, kò bọ́ nínú rẹ̀: ọdọọdún, fún ìgbà pípẹ́, ni olórí wọn ń rin ọ̀nà kan náà lọ sí Edo láti lọ foríbalẹ̀ fún shogun bí ìjòyè rẹ̀.

Ní 1862, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ti fipá ṣílẹ̀kùn náà, wọ́n dín ìrìn ọ̀hún kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn aya àti ọmọ padà sílé. Kí 1868 tó parí, ìjọba Tokugawa ti wó.