Kí ẹ tó sanwó bẹ́ńṣì jacarandá yẹn

Arákùnrin wa ní Leeds, ẹ kú ìbéèrè o. Mo ti wo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fi hàn wá. Bẹ́ńṣì náà wu èèyàn, mi ò ní purọ́. Ẹ ní ẹni tó ń tà á ní São Paulo ní Brazil sọ pé Mucki ni, bẹ́ńṣì onípákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí Sergio Rodrigues, ayàwòrán àga ọmọ Brazil, yàwòrán rẹ̀ ní 1958, pé jacarandá gidi, igi olówó ńlá ti Brazil, ni látòkè délẹ̀, pé dọ́là 4,000 ni jálẹ̀, àti pé àwọn méjì mìíràn ti ń dù ú. Ẹ wá béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé òótọ́ ló ń sọ, báwo lẹ ṣe máa gbé e wọ ìlú ọba, ṣé ìyàwó yín sì lè gbé e síwájú hítà ní pálọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló rọrùn jù lọ: rárá o. Màá padà débẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní São Paulo. Àǹkárá ni mo ń tà ní agbègbè República, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ àga àtijọ́ yìí mú mi, ní Praça Benedito Calixto níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ẹrù àtijọ́. Mo rí àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀ wọnú díẹ̀ bí ẹni pé ìdí èèyàn ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mi ò fẹ́ dìde mọ́. Wọ́n ní Mocho ni, pé àpótí tí àwọn tó ń fún wàrà màlúù fi ń jókòó ni Sergio wò tó fi yàwòrán rẹ̀ ní 1954. Iye tí wọ́n pè é ju owó ilé mi oṣù méjì lọ. Mi ò rà á, àmọ́ oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Títí dòní ni mo ń ṣàìsàn yẹn.

Ní 2013 ni mo wá ra bẹ́ńṣì gígùn kan fúnra mi. Bí àgbàlagbà kan bá kú ní São Paulo, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣílẹ̀kùn ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n lẹ iye owó mọ́ gbogbo nǹkan, títí kan ọmọrí ìkòkò. Família vende tudo ni wọ́n ń pè é, ẹbí ń ta gbogbo ẹ̀. Ilé kan bẹ́ẹ̀ ní Higienópolis ni mo ti rà á. Ọmọ olóògbé ní jacarandá ni, ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì gàdàgbà: banco de jacarandá. Inú mi dùn dé ilé.

Mo mú sánpépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha fáníìṣì àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Mi ò bo imú, mi ò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó fi máa di alẹ́, ọwọ́ mi méjèèjì ti yún dé ìgbọ̀nwọ́, ojú mi wú bí ẹni tí oyin ta. Ìyá onílé mi rò pé edé ni mo jẹ. Bàbá káfíńtà kan wà ní àdúgbò Bixiga, ọmọ Bahia ni. Mo gbé èérún igi náà lọ bá a nínú ìwé ìròyìn. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní jacarandá kọ́ o, caviúna ni, igi mìíràn tó jọ ọ́. Eruku caviúna lòkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn káfíńtà ibẹ̀ pé ó ń yún ara. Bàbá bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó mú ègé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan tó jẹ́ jacarandá gidi jáde, ó fi ọ̀bẹ ha á, ó ní kí n gbóòórùn. Ó ń ta sánsán bí òdòdó róòsì. Ó fún mi ní ègé igi náà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tèmi nìyí, kì í ṣe ti ẹni tó tà á fún mi mọ́. Ó yẹ kí n ya rìsíìtì yẹn dànù lọ́jọ́ náà. Mi ò ya á. Mo ní lọ́kàn ara mi pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ta bẹ́ńṣì yìí ní London, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, jacarandá, owó ńlá ni. Mo ká rìsíìtì náà sínú páálí ìwé, mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Ní 2016 tí mo kó ẹrù mi wọ kọ̀ǹténà bọ̀ ní London, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣí i, wọ́n rí bẹ́ńṣì, wọ́n rí rìsíìtì. Wọ́n ní níbo ni ìwé àṣẹ jacarandá yìí wà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé jacarandá kọ́ ni. Ẹ rò ó wò o, èmi tí mo fọwọ́ ara mi kó ìwé jacarandá sínú ẹrù ni mo tún ń búra pé kì í ṣe jacarandá. Oṣù mẹ́rin ni bẹ́ńṣì náà fi sùn níbẹ̀. Mo sanwó fún onímọ̀ igi kan tó gé ìdá bín-ín-tín lábẹ́ rẹ̀ tó sì fi ẹ̀rọ awòhun-kékeré wò ó kí wọ́n tó gbà. Owó ibi ìkẹ́rùsí àti ti onímọ̀ igi pa pọ̀, ìlọ́po méjì iye tí mo ra bẹ́ńṣì. Irọ́ tí wọ́n tà fún mi, mo tún san owó ọkọ̀ fún un wọ London.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé gbogbo ìbéèrè yín dá lórí Sergio, ẹ ò béèrè nǹkan kan nípa igi. Igi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Jacarandá ti Bahia, Dalbergia nigra nínú ìwé òfin, wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń pa run, láti 1992, ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní tó le jù lọ. Pé bẹ́ńṣì ti dàgbà ju yín lọ kò yọ ọ́ nínú òfin yìí. Kó tó kúrò ní Brazil, IBAMA, àjọ ìjọba Brazil tó ń bójú tó àyíká, ní láti fún un ní ìwé pé igi rẹ̀ ti wà kí òfin tó dé. Ẹ̀yin náà ní láti gba ìwé ìgbẹ́rùwọlé lọ́wọ́ APHA, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra. Tó bá sì wù yín láti tà á lẹ́yìn ọ̀la ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé mìíràn tún wà fún ìyẹn, Article 10 ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n ti gbẹ́ kí oṣù kẹta 1947 tó wọ ọjọ́ kẹta nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda láìsí ìwé yẹn. Ọdún 1955 ni Sergio ṣí ṣọ́ọ̀bù Oca ní Ipanema, nítorí náà kò sí Mucki kankan tó bọ́ sí abẹ́ ìyọ̀ǹda yẹn. Àfi bóyá àga Joaquim Tenreiro, aṣàga tó ti ń ṣe tirẹ̀ ní Rio ṣáájú, àmọ́ tàwọn olówó nìyẹn, kì í ṣe tiwa.

Ẹni tó ń tà á máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kàn kọ "àga àlòkù" sí ìwé ẹrù, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi náà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé bẹ́ńṣì náà, kí ó sì di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn.

Ó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ jẹ́ jacarandá rárá, ìyẹn á sì dẹ iṣẹ́ ìwé yìí fún yín. Nínú fọ́tò kejì, àwọ̀ igi náà dọ́gba jù fún mi. Jacarandá máa ń ní ìlà dúdú tó ń rìn bó ṣe wù ú, bí ìgbà tí wọ́n da epo mọ́tò sórí omi. Ẹ ní kó dojú bẹ́ńṣì dé, kó ya ikùn rẹ̀ fún yín nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ikùn igi kì í purọ́ bí ojú rẹ̀. Tí gbogbo abẹ́ bá dúdú kan náà pẹ̀lú òkè, wọ́n ti kùn ún ni. Ẹ ní kó rẹ aṣọ funfun sínú sípíríìtì, kó fi nu igun kan lábẹ́ níbẹ̀. Tí aṣọ bá dúdú tí igi sì funfun, ó ti tán. Ẹ tún ní kó ya orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tí ayùn ti gé e. Ìlà tó wà lójú pákó gbọ́dọ̀ máa bá a lọ síbẹ̀. Tó bá dúró lójijì bí etí bébà, awọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ igi yẹpẹrẹ lórí, pákó Mucki kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo súkúrù rẹ̀ náà. Olójú ìlà kan ṣoṣo ni mo sábà máa ń rí lára ti ìgbà yẹn. Tó bá jẹ́ olójú àgbélébùú ni gbogbo rẹ̀, mo máa ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè ti pààrọ̀ wọn.

Kí ó sì gbá bẹ́ńṣì náà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí bébà funfun. Cupim, ikán tibẹ̀, ni mò ń sá fún. Ikán tiwa ń kọ́ òkìtì, ẹ máa rí i lókèèrè. Èyí kì í kọ́ nǹkan kan, inú igi gbígbẹ ló ń gbé, ìgbẹ́ rẹ̀ wínníwínní bíi yanrìn nìkan ló máa bọ́ sílẹ̀. Mo ti gbé e wọlé rí. Àga mìíràn méjì ló bá a lọ.

Ní ti Sergio fúnra rẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí àga Mole rẹ̀ ti gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àga ní Cantù ní Ítálì ní 1961, gbogbo ẹni tó bá ní pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń pè é ní Sergio? Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún bẹ́ gẹdú. Àwọn káfíńtà tí kò lórúkọ ṣe irú bẹ́ńṣì yìí lọ jàra ní São Paulo àti Rio, àwọn kan nínú wọn dára ju ìsọkúsọ tó ń wáyé lórí wọn lọ. Àti pé láti 2001 ni ilé iṣẹ́ LinBrasil ti ń ṣe àwọn àga Sergio padà pẹ̀lú àṣẹ. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti 1958, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti 1958. Lébẹ́ẹ̀lì Oca lásán kò tó fún mi, ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ńṣì lè tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Rìsíìtì ìgbà náà, fọ́tò àtijọ́ tí bẹ́ńṣì wà nínú ilé, orúkọ ìdílé tó ti jáde: ìwọ̀nyí ni mo máa ń béèrè, àwọn ni IBAMA náà sì máa ń fẹ́ rí.

Ti àpótí tí wọ́n máa fi dì í, kò gùn. Pákó àpótí gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15, ìlànà àgbáyé fún pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti yan án títí inú rẹ̀ fi gbóná dé 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kí wọ́n ti fín in. Láìsí òǹtẹ̀, wọ́n lè dá a padà.

Ó ku ti hítà. Ọdún tí bẹ́ńṣì mi jáde lẹ́wọ̀n, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, torí pé ibẹ̀ ló ti yọ. Oṣù kìíní, nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ "pá!" bí ẹni pé wọ́n fọ́ fèrèsé. Mo sáré jáde, kò sí olè. Ìjókòó bẹ́ńṣì ló là, ìlà náà gùn tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Igi tó ti mu ọ̀rinrin São Paulo láti àádọ́ta ọdún ni mo gbé sínú afẹ́fẹ́ tó gbẹ bí ọyẹ́. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin yàrá, kẹ́ ẹ gbé e sí yàrá tó tutù jù nílé, kẹ́ ẹ má sì tú gbogbo ìdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo máa ń fún tèmi báyìí kó tó rí pálọ̀. Tó bá ní ìjókòó pankẹ́rẹ́, ẹ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pankẹ́rẹ́ tó gbẹ kì í là, jíjá ló máa ń já, lábẹ́ àlejò. Tó bá sì là, ẹ má di ojú rẹ̀ nígbà òtútù. Mo di tèmi. Nígbà tó fi máa di oṣù keje igi ti wú padà, ó ti tu gbogbo ohun tí mo dì í síta.

Tó bá jẹ́ owó ló ń dun yín, tí kì í ṣe orúkọ, ẹ wá àga ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Móveis Cimo. Rio Negrinho ní Santa Catarina ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà, wọ́n ṣe ìjókòó fún sinimá, ilé ìwé àti ọ́fíìsì káàkiri Brazil. Imbuia ni igi wọn jù, igi aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń ta sánsán bí èròjà ọbẹ̀, kò sì sí nínú ìwé CITES. Ìjókòó sinimá mẹ́ta tó so pọ̀ tí mo rà ní iye tó kéré gan-an wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń wọ bàtà. Zanine Caldas, ayàwòrán àga ọmọ Belmonte ní Bahia, fi pìláìwúùdù ṣe àga fún àwọn tí kò lówó púpọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ju ti Sergio lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ pìláìwúùdù ṣeé da kọ ju igi lọ, ẹ má rà á láìfọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá sì dé Salvador lọ́jọ́ kan, ẹ yà ní Casa do Benin, ilé àṣà Benin níbẹ̀, tí Lina Bo Bardi, ayàwòrán ilé, yàwòrán àga Girafa fún ní 1987 pẹ̀lú Marcelo Ferraz àti Marcelo Suzuki. Kò tíì tó láti pè é ní àtijọ́. Ẹ kàn lọ wò ó, kẹ́ ẹ jẹ àkàrà wọn níta.

Nítorí náà, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè fọ́tò ikùn, orí pákó, aṣọ funfun àti bébà tí mo sọ, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ó ti bá IBAMA sọ̀rọ̀ rí. Tó bá dáhùn pé àwọn méjì kan ń dúró, ẹ ní kó tà á fún wọn. Tó bá fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Màá mú ègé igi bàbá Bixiga jáde, ká fi àwọ̀ wọn wéra.