Ẹ Bi Wá: Píkọ́ọ̀pù Alábọ́ọ́dé àti Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Wúwo

Lẹ́tà lórí fífa ọkọ̀ ojú omi ló pọ̀ jù nínú èyí tẹ́ ẹ kọ sí wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, torí náà òun la máa fi gbogbo ojú ìwé yìí gbọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Píkọ́ọ̀pù alábọ́ọ́dé ni mo ní, fọ́ọ̀ wíìlì ni, ó ní tọ́bò, ìwé rẹ̀ sì sọ pé ó lè fa 3,000 kílò. Mo ti rí ọkọ̀ ojú omi kan tó wù mí, ìwé tiẹ̀ náà sọ pé 1,900 kílò ló wọ̀n. Lójú tèmi àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ àbúrò ìyàwó mi tó ń wa tírélà ní kí n má dán an wò, ó ní píkọ́ọ̀pù mi kéré. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? – Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o, àbúrò ìyàwó yín ló jàre. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì yín ò lágbára. Fífà kọ́ ni wàhálà ọ̀rọ̀ yìí rárá, ẹ́ńjìnnì tọ́bò ayé ìsinsìnyí á fà á, á tiẹ̀ máa lọ wẹ́rẹ́ lórí títì tó tẹ́jú, ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ, torí ẹ máa rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, ṣé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù yìí lè ru ohun tí ẹ fẹ́ gbé lé e, àti pé tí ọmọdé bá sáré já sójú títì, ṣé mo lè dá gbogbo ẹrù yìí dúró?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú 1,900 yẹn wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ara ọkọ̀ ojú omi ní gbígbẹ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, kò sí epo, kò sí omi, kò sí ẹrù, tó bá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ nídìí, wọ́n lè má ka ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tó ju 200 họ́ọ̀sì páwà lọ, ẹ kà á sí 240 kílò. Lítà pẹtiróòlù kan wọ̀n tó kílò 0.74, táǹkì tó gba 250 lítà, tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ kún, kílò 185 nìyẹn. Ìdákọ̀ró àti ṣéènì ẹ̀, bátìrì méjì, okùn, ẹ̀wù tó ń múni léfòó, kúlà, irinṣẹ́, ẹ fi 120 sí i. Tírélà tó máa gbé ọkọ̀ ojú omi náà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ó jọ pé ẹ gbàgbé ìyẹn pátápátá! Tírélà tó ní táyà méjì lọ́tùn-ún méjì lósì, tó lè gbé irú ọkọ̀ yìí, ó lè tó 550 kílò lófìfo. Ó ti di 2,995 báyìí. Kílò márùn-ún ló ṣẹ́ kù kẹ́ ẹ dé góńgó, ẹ ò sì tíì gbé ohun ìpẹja sínú ẹ̀.

3,000 yẹn alára, ẹ má rò pé ó dúró sójú kan. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní SAE J2807, òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń mọ iye tí wọ́n máa kọ síwèé. Lára ìdánwò ẹ̀, ọkọ̀ á gun òkè Davis Dam ní ìpínlẹ̀ Arizona, ó ju kìlómítà 18 lọ, nínú ooru, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ìdánwò tó le ni, mi ò fojú di í. Àmọ́ èèyàn méjì ni wọ́n kà pé ó wà nínú ọkọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 pọ́n, ìyẹn bíi kílò 68. Ẹ̀yin, màdámù, àti àwọn ìbejì, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ wá jókòó sí àyè èèyàn méjì tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni? Gbogbo kílò tẹ́ ẹ bá fi lé ti inú ọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tẹ́ ẹ lè fà.

Ibi tí píkọ́ọ̀pù alábọ́ọ́dé ti máa ń kọ́kọ́ ju ọwọ́ sílẹ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ wo ara òpó ilẹ̀kùn yẹn, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ máa rí sítíkà kan tó sọ iye tí èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Ká ní tiyín jẹ́ 550 kílò. Ẹnu tírélà tó jókòó lórí bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ẹrù ni òun náà, wọ́n ń kà á mọ́ 550 yẹn. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò, ti ọkọ̀ ojú omi lè dín díẹ̀. Tírélà 2,995 á tẹ ìdí ọkọ̀ yín pẹ̀lú nǹkan bíi 300 kílò. Ó ku 250. Ẹ̀yin 85, màdámù 70, àwọn ìbejì tó ti ń di géńdé, 50 àti 50. 255. Ó ti kọjá, kò tíì sẹ́ni tó gbé báàgì wọlé! Kódà ká ní ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ gbé síwájú ẹ̀, sítíkà yẹn ò ní yí padà, torí sípíríìǹgì, áàsù ẹ̀yìn àti táyà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, kò burú, kí wọ́n sún ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn díẹ̀ lórí tírélà kí ẹnu ẹ̀ lè fúyẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Tírélà tí ìdí ẹ̀ wúwo ju ẹnu lọ ló máa ń jù sọ́tùn-ún jù sósì tó bá ti mú eré. Tí ẹnu náà bá sì wúwo jù, iwájú píkọ́ọ̀pù á gbé sókè, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, iná iwájú á máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀, bíréèkì iwájú tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù ò sì ní rí ilẹ̀ gbá mú dáadáa. Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi rí i lójú ara yín: kẹ́ ẹ tó so tírélà, ẹ fi téèpù wọn ibi tó ga tó láti ilẹ̀ dé etí pánẹ́ẹ̀lì tó bo táyà iwájú, ẹ so ó, ẹ tún un wọ̀n. Tí iwájú bá ti gbé sókè gan-an, àṣírí ti tú nìyẹn.

Ti bíréèkì wá ni o. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, tírélà tó bá ju 750 kílò lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tiẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà náà òfin wà lórí ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kílò wọn ò dọ́gba. Tiyín ti fi ìlọ́po mẹ́ta kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ẹ sì rántí pé eré kì í pọ̀ kí wàhálà ẹ̀ pọ̀ níwọ̀n kan náà: ẹni tó ń sá kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan, ohun tí bíréèkì ẹ̀ máa gbé mì fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń sá 70 lọ. Bíréèkì tó bá gbóná jù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn á kàn máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ni, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kò ní dúró. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ ti fi gíà kékeré mú un láti òkè, ẹ má dúró dìgbà tó bá ti ń sá tán.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ò bára wọn dọ́gba. Honda Ridgeline, 5,000 pọ́n péré ni, ìyẹn bíi 2,270 kílò, nígbà tí Toyota Hilux àti Ford Ranger tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní irú èyí tó dé 3,500 kílò. Orúkọ kan náà, àmọ́ gíà àti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, iye náà á yàtọ̀, kẹ́ ẹ má lọ máa lo ti ọ̀rẹ́ yín.

Èmi o, bí mo bá ń wa irú ọkọ̀ tiyín, mi ò ní jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn mi ju 2,400 kílò lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìté. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ jọ gbé e lọ sórí ìwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àwọn tírélà akẹ́rù, pẹ̀lú epo àti gbogbo ẹrù ẹ̀ nínú. Tó bá kọ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń sá fún. Tí ọkọ̀ yẹn bá wù yín dójú ikú, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa fi sí létí omi kẹ́ ẹ yéé fà á kiri, tàbí kẹ́ ẹ fún ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù ńlá lówó kó bá yín gbé e lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Bíréèkì tírélà mi dáa tí mo bá ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n tí mo bá fi rìfáàsì gun òkè kékeré tó wọ ọgbà mi, ńṣe ló máa dúró gbagidi, táyà píkọ́ọ̀pù á wá máa yí lásán. Mẹkáníìkì kan ní ká tú bíréèkì ẹ̀ dànù. – Ọmọ Odò

Ìdáhùn: Ẹ má tú nǹkan kan o, kẹ́ ẹ sì wá mẹkáníìkì míì. Irú bíréèkì tó wà lára ọ̀pọ̀ tírélà ọkọ̀ ojú omi, bí tírélà ṣe ń ti píkọ́ọ̀pù ló fi ń ṣiṣẹ́: tí píkọ́ọ̀pù bá dẹsẹ̀, tírélà á sún bọ̀ níwájú, ẹnu ẹ̀ á wọlé díẹ̀, ìyẹn á ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà. Ó dáa fún nǹkan tó ń wọ omi déédéé. Àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì àti kẹ́ ẹ máa fi ìdí ọkọ̀ tì í gun òkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fáàfù kan sí àwọn tó jẹ́ díìsìkì, tó máa dá ọ́ìlì náà padà tí iná rìfáàsì bá ti tàn, wáyà karùn-ún nínú púlọ́ọ̀gì tírélà ló sì ń gbé iná yẹn wá. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì yín dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́rin ló wà nídìí píkọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Tó bá jẹ́ márùn-ún, ẹ ní kí ẹnì kan fi ọkọ̀ sí rìfáàsì, kẹ́ ẹ fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná ń dé ẹnu karùn-ún, ìpatà ló sábà máa ń jẹ wáyà yẹn. Àwọn tírélà míì ní ìrin kékeré kan tí wọ́n ń ki bọ ẹnu ẹ̀ kó má bàa wọlé nígbà rìfáàsì. Ẹni tó bá ki í, kó yọ ọ́ kó tó wọ títì, tí kò bá yọ ọ́, kò ní bíréèkì tírélà mọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀yìn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jù lórí eré, kí ni kí n ṣe? Wọ́n ní kí n fún un níná kó lè na tán. – Kọ́lá

Ìdáhùn: Àbúrò, irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ. Rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò, di sítíárìn mú kó dúró gbọn-in síwájú, má bá a jù sọ́tùn-ún sósì, má sì tẹ bíréèkì píkọ́ọ̀pù gbìì. Tó bá jẹ́ pé bíréèkì iná ni tírélà ẹ ń lò, tó sì ní bọ́tìnì lọ́wọ́ ẹ níwájú, òun nìkan ni kó o rọra tẹ̀, tírélà á fa ara ẹ̀ tọ́. Tó bá ti balẹ̀, wá ibi tó dáa dúró, kó o wo bí ẹrù ṣe wà nínú ọkọ̀ ojú omi, kó o wo afẹ́fẹ́ táyà. Táyà tó rọ̀ wà lára ohun tó máa ń fa irú ẹ̀.

Ìbéèrè: Bíárìn tírélà mi ti bàjẹ́ léraléra, gíríìsì ẹ̀ sì máa ń funfun bíi wàrà tá a bá ṣí i. Ṣé gíríìsì ayédèrú ni mò ń rà ni? – Ìyá Ṣadé

Ìdáhùn: Ìyá Ṣadé, omi ló wọ̀ ọ́, ìyẹn ló sọ ọ́ di funfun. Tẹ́ ẹ bá ti rin ọ̀nà jíjìn, họ́ọ̀bù tí bíárìn wà nínú ẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀ ń dé ẹ̀ ń tì í sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á sún kì, á sì fa omi gba ara ọ́ìlì síìlì wọlé. Ẹ máa dúró díẹ̀ létí omi, ẹ tú ìdè, ẹ kó ẹrù wọ ọkọ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù náà, tí kò bá ti gbóná mọ́ kẹ́ ẹ wá tì í sómi. Ẹ pààrọ̀ síìlì náà pẹ̀lú bíárìn, kì í ṣe bíárìn nìkan. Gíríìsì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má pò ó mọ́ òmíràn. Tó bá jẹ́ omi iyọ̀, ẹ fi omi tó mọ́ fọ táyà àti bíréèkì lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìbéèrè: Ṣé kí n yọ ìdé ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tí mo bá ń fà á, àbí kí n fi sílẹ̀? – Adéwálé

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́. Òjò tó bá rọ̀ sínú ẹ̀ á ṣàn jáde, torí lítà omi kan, kílò kan ni, táyà tírélà ò sì bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bu omi kún ẹrù òun. Ẹ so ìdé náà mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kó má bàa jẹ́ pé inú omi lẹ ti máa rántí ẹ̀.