Màlúù gba abẹ́rẹ́, àrùn ẹnu àti pátákò tún mú un: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màlúù 16 ni mo ń sìn lẹ́bàá Òmù-Àrán, gbogbo wọn ni mo sì gún ní abẹ́rẹ́ àrùn ẹnu àti pátákò lọ́dún tó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra méjì sí i lọ́jà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní báyìí, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, àwọn kan sì ń tiro. Ṣé ayédèrú abẹ́rẹ́ ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó máa ń dùn mí bí ẹni tó ti náwó sára ẹran bá tún wá ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò ní tíì pè é ní ayédèrú, nítorí pé abẹ́rẹ́ gidi pàápàá lè má ràn yín lọ́wọ́ níbi tí àrùn yìí wà.

Orúkọ kan ni à ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀nà 7 ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á pín sí, wọ́n sì ti rí O, A, SAT 1 àti SAT 2 nínú wọn ní Nàìjíríà. Bí ẹni ń wo ilà ojú ni ara màlúù ṣe ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀: èyí tí abẹ́rẹ́ ti fi onípélé hàn kò ní dá alábàjà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ẹ̀yà kan ṣoṣo pàápàá, ilà náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń ṣàṣìṣe nígbà tó bá ń bí irú ara rẹ̀, kò sì ní ohun tí ń bá a tún àṣìṣe náà ṣe. Rinderpest, tó run agbo màlúù láyé àwọn baba wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ló kápá gbogbo irú rẹ̀, òun ni wọ́n fi lè kéde ní 2011 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri ayé.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n gún wọn? Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nílò èkejì lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, agbára rẹ̀ kì í sì í sábà ju oṣù 6 lọ.

Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ pe dókítà ẹran lónìí, kí ìléròrò orí ahọ́n wọn tó bẹ́ tán. Awọ tó bo ìléròrò náà, tó máa ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tó ń bo ojú ògì tó ń tutù, ni yóò gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi sípíríìtì nu ibẹ̀, nítorí pé yóò pa fáírọ́ọ̀sì tí a ń wá. Inú omi tí wọ́n pèsè fún un ni yóò fi í sí, nínú kúlà oníyìnyín, títí yóò fi dé yàrá àyẹ̀wò ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Èsì ibẹ̀ ni yóò sọ ẹ̀yà tó wọlé, a ó sì wá abẹ́rẹ́ tó bá a mu.

Mo fura sí méjì tí ẹ rà, bí ara wọn tilẹ̀ ń dán lọ́jọ́ náà, torí pé àrùn yìí lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 2 sí 14 kí àmì kankan tó yọ, ẹran láti ibi púpọ̀ sì ń pàdé ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa ya ẹran tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Ní báyìí, ẹ má ta ọ̀kankan, ẹ má kó wọn dé odò tí ẹran aládùúgbò ti ń mumi, kí ẹ sì máa gé koríko tútù tó rọ̀ fún wọn, torí ẹnu ń dùn wọ́n.