Ṣé dandan ni kí n dín agbára ẹ́ńjìnnì kù bí Cessna 172S, ọkọ̀ òfuurufú kékeré yẹn, bá ń sọ̀ kalẹ̀?
Bẹ́ẹ̀ ni, dín in kù. Bí imú ọkọ̀ bá ti kọjú sílẹ̀, eré á máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa bá ẹ́ńjìnnì yí abẹ̀bẹ̀ iwájú. Fa throttle, ọwọ́ tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì, síta díẹ̀díẹ̀ kí ìyípo abẹ̀bẹ̀ náà má baà kọjá 2700 ní ìṣẹ́jú kan.

Ojú aago eré ni kí o máa wò jù. Àwọ̀ ewé parí sí 129 knots (ìwọ̀n eré ọkọ̀ òfuurufú). Àfi tí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́ lo lè wọ inú àwọ̀ yẹ́lò; bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, jọ̀ọ́, má dé ibẹ̀ rárá. Ìlà pupa wà ní 163, o ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ láéláé.

Bí o ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀, máa ti ọwọ́ mixture pupa yẹn, èyí tó ń pinnu ìwọ̀n epo tó ń dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, wọlé, torí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ki, ó ń fẹ́ epo sí i.